Ìgbà Tí Ìrù Ọ̀kín Ń Rẹ̀ ní Mamobi

Àlàmísì, 4 Júláì

Ẹyẹ Alájì ọkọ mi ti dé. Méjì ni, akọ àti abo. Kwabena tó tà wọ́n ló gbé wọn wá láti Dodowa, nínú àgò tó fi àpò ìrẹsì bò. Òjò ò dá láti àárọ̀, gọ́tà iwájú ilé ti kún dé ojú títì, ni Kwabena bá gbé àgò lérí, ó wọ́ omi kọjá. Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Àwọn ọmọ ilé kéwú ń pariwo "Dáwísù! Dáwísù!", torí bí àwọn Hausa ṣe ń pe ọ̀kín nìyẹn. Alájì dúró sẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Ó ní ọmọ Ọ̀fà ni òun, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, wọn ò sì gbọdọ̀ wé láwàní olórí Yorùbá ìlú yìí fún òun láìsí ọ̀kín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga òun. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Nílé tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ò ní oríkì tó ń jẹ àgbàdo.

Ìparí oṣù yìí ni wọ́n fi ọjọ́ láwàní sí.

Sátidé, 6 Júláì

Mo ti mọ ibi tí akọ ń sùn. Bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, á fò sórí kióósì tí Hafeezah ọmọ mi ti ń ṣe irun fún àwọn èèyàn, á ti ibẹ̀ fò sórí pólítáǹkì, táǹkì omi wa, á wá máa wo ọ̀tún wo òsì bí onílé tó ń ṣọ́ ayálégbé. Abo á tẹ̀lé e tó bá wù ú. Kí ládàánì tó gbóhùn sókè fún àsùbáà, akọ á ti ké. Ohùn rẹ̀ dà bí ti obìnrin tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Makola. Kò sẹ́ni tó sọ fún Alájì kó tó rà á pé ẹyẹ tó rẹwà tó báyìí ò mọ orin kankan.

Àtàláátà, 9 Júláì

Ọjà ò yá. Ańkárá ti tún gbówó lórí, àwọn oníbàárà ń fọwọ́ pa á lára bí ọmọ tuntun, wọ́n á sì gbé e padà síbi tó wà. Mo ra àgbàdo ẹyẹ ní ọ̀nà ilé, òun náà ti wọ́n.

Faruk wà nílé nígbà tí mo dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Alájì ni, òun ló ń sáré kiri nítorí oyè yìí, ó ń sáré ju Alájì fúnra rẹ̀ lọ. Ó ń kọ́ Alájì bó ṣe máa jókòó lọ́jọ́ náà: ọwọ́ òsì sábẹ́ agbádá, tẹ̀sùbáà níta díẹ̀, kí ìka máa rìn. Láti Ààwẹ̀ èṣí ni ọwọ́ òsì Alájì ti ń gbọ̀n. Dókítà ní kò ní pa á, ṣùgbọ́n kò ní lọ, àìsùn àti wàhálà ló sì máa ń mú un pọ̀ sí i. Èmi, Hafeezah àti Faruk nìkan la mọ̀. Faruk ló mú ìmọ̀ràn tẹ̀sùbáà wá, pé kí àwọn èèyàn rò pé Ọlọ́run ló ń rántí. Ìmọ̀ràn náà ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo Mamobi ló ń sọ báyìí pé Alájì ti di ẹni Ọlọ́run, pé ó ń ka lásímáà, àwọn orúkọ Ọlọ́run, títí kan ìgbà tó bá ń jẹun.

Mi ò fẹ́ oyè yìí. Mo kọ ọ́ síbí torí kò síbi tí mo lè sọ ọ́ sí. Olórí tó kú, tí wọ́n fẹ́ fi Alájì rọ́pò, ò sun oorun àsùnwọra rí. Tí wọ́n bá mú ọmọ Yorùbá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, òun ni wọ́n ń pè. Tí òkú bá kú, òun ni. Tí tọkọtaya bá jà lóru, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbá. Ibẹ̀ ni Alájì fẹ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Àláádì, 14 Júláì

Akọ tẹ́ ìrù lónìí. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, mi ò tíì rí i rí. Ó kọ́kọ́ rìn bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá yí ẹ̀yìn padà, ìrù náà sì gbéra sókè, ó ṣí, ó kún gbogbo àgbàlá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí òjò kékeré lórí páànù. Ọ̀kadà oníbàárà Hafeezah ni ó ń ṣe gbogbo ẹwà yìí fún. Abo rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣa àgbàdo, kò gbójú sókè.

Alájì ní, "Ìyá Hafeezah, ṣé o rí i?"

Mo ní, "Mo rí i, Alájì. Ọ̀kadà náà rí i."

Jímọ̀, 19 Júláì

Ààfáà Suhaib, lèmọ́mù wa, yà wá wo ẹyẹ lẹ́yìn Jímọ̀. Ó jókòó, ó mu sóbólò, ó wá sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ: pé ọ̀kín a máa yangàn títí á fi wolẹ̀ rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀hún ò sì dára, ìyẹn ló fi ń ké. Ó ní ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ẹni tí wọ́n bá gbé sípò. Alájì ń mirí. Tẹ̀sùbáà ń mirí pẹ̀lú.

Mo ti ń ṣọ́ ẹyẹ yìí láti ọjọ́ tó ti dé. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Ó máa ń ké tí òjò bá fẹ́ rọ̀, tí ológbò bá kọjá, àti tí Faruk bá dé.

Jímọ̀, 26 Júláì

Wọ́n ti sún ọjọ́ láwàní síwájú. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Kumasi ò ráyè. Ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mo ti se ìdajì ata, mo gbé e sínú fíríìsà.

Àtìní, 5 Ògọ́ọ̀sì

Òjò ti dá, òtútù wà, oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ yọjú. Mo rí ìyẹ́ ìrù kan nílẹ̀ lẹ́bàá pólítáǹkì, gígùn rẹ̀ ju apá mi lọ, ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Hafeezah gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kì í bọ ẹ̀yìn àwòrán tó wà lára ògiri kióósì rẹ̀. Ó ní, "Mama, ɛyɛ fɛ paa!" Ó lẹ́wà lóòótọ́.

Jímọ̀, 9 Ògọ́ọ̀sì

Àwọn ìyẹ́ ń rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Faruk dé, ó rí wọn, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní wọ́n ti ṣe nǹkan sí ẹyẹ náà. Mo pe Kwabena lórí fóònù, mo bi í ní Twi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ọdọọdún ni, tí àsìkò tí wọ́n ń gun ara wọn bá ti kọjá, gbogbo ìrù á rẹ̀, á sì tún hù. Mo ní ìgbà wo? Ó ní kí n máa retí rẹ̀ bí Kérésì bá ń bọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Alájì bí Kwabena ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Àwọn èèyàn ò ní mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

Àlàrùba, 14 Ògọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ ìrù ti dé Abossey Okai. Ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, níbi tí Alájì ti ta gíábọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ti ń sọ pé ọ̀kín ọmọ Ọ̀fà ti mọ̀ pé oyè ò ní bọ́ sí Alájì lọ́wọ́, ó ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn èèyàn Láwàlì ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Alájì Láwàlì tó ń ta táyà ni, òun ni orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé ti Alájì nígbà tí wọ́n ń wá olórí.

Láwàlì fúnra rẹ̀ wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbé iṣu wá. Ó wo ẹyẹ dáadáa, ó ní, "Ẹyẹ tó dáa ni." Ó wá wo ọwọ́ Alájì, ojú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó bèèrè bí mo ṣe ń rí ọjà, ó lọ. Mi ò rí ìkà kankan nínú ọkùnrin náà, ó sì bà mí nínú jẹ́ díẹ̀, torí ó rọrùn fún mi tẹ́lẹ̀ láti bínú sí i.

Àláádì, 18 Ògọ́ọ̀sì

Akọ ò ké láàárọ̀ yìí. Ìyẹ́ mélòó kan ló kù sí i, wọ́n sì ń wọ́ tẹ̀lé e bí okùn ṣòkòtò tó tú. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn pólítáǹkì, kì í jáde àfi tí abo bá ti jẹun tán. Abo ti di ọ̀gá báyìí. Ó ń rìn káàkiri àgbàlá, ó lé aláàmù wọnú kióósì, ó yí nínú eruku níwájú oníbàárà, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìrù. Láti ọjọ́ tó ti dé, òní ni mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ọrùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé náà ń dán.

Sátidé, 24 Ògọ́ọ̀sì

Wọ́n tún sún un. Ìyá ẹnìkan nínú àwọn àgbààgbà kú. Lẹ́yìn Mọ́lídì ni báyìí. Mo dúpẹ́ nínú mi, mo kí àwọn ẹbí kú ìrọ́jú.

Alájì ò sùn. Tíì dà sí i lára láàárọ̀, ó sì purọ́ fún mi pé kọ́ọ̀bù ló gbóná jù.

Jímọ̀, 30 Ògọ́ọ̀sì

Faruk mú àbá tuntun wá: kí a pa akọ, kí a fi ṣe sàráà, kí a kó àwọn ìyẹ́ tó ti rẹ̀ sílẹ̀ tò yí àga Alájì ká. Kò sí ẹni tó máa rí ẹyẹ aláìnírù mọ́. Ààfáà Suhaib ní jíjẹ rẹ̀ ò burú ní ìlànà tiwa, ṣùgbọ́n òun ò ní jẹ ẹ́, ẹran rẹ̀ le.

Alájì ní, "Kí ló ṣe tí a fi máa pa á?"

Faruk ní, "Ẹ má bínú, Alájì. Nítorí ojú ayé ni."

Alájì ní rárá. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Faruk sì dákẹ́. Ó wú mi lórí, mo bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Àtàláátà, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mọ́lídì ti lọ, àkàrà ló kù sílé. Àláádì ni láwàní, wọn ò ní sún un mọ́. Faruk ò lè sùn, ó ti rù. Hafeezah ló wá sọ ọ́ nígbà tí a ń jẹun: "Mama, ɛnyɛ hwee, kò sí wàhálà. Ẹni tí orí ẹ̀ ti pá pátápátá, mo ń rán irun wífọ̀n sí i. Ṣé ìrù ẹyẹ ni mi ò ní lè rán?"

A wo ara wa. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ó dà bí ọgbọ́n létí mi. Nínú ilé tí ìyá ti ń ta aṣọ, tí ọmọ ń ṣe irun, kò sí ohun tí a rò pé abẹ́rẹ́ ò lè tún ṣe.

Mo fi ìró ańkárá bo akọ lórí, Faruk di ìyẹ́ apá rẹ̀ mú, Hafeezah kó àwọn ìyẹ́ tí a ti ń tọ́jú sínú ọpọ́n, ó so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn kùkùté kéékèèké tó ń yọ níbi ìdí ẹyẹ náà, ó fi òwú wífọ̀n dè é, ó fi gúlúù irun lé e. Ẹyẹ náà ò jà. Ó ń mí kíákíá lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí a ṣí i, ó dára, ká má parọ́. Faruk ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ kárí Abossey Okai. Alájì rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlàmísì, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Akọ ò jẹun. Kò gun pólítáǹkì lánàá. Ó dúró síbì kan láti àárọ̀, ó ń yíjú sẹ́yìn, ó ń fi ẹnu fa òwú.

Jímọ̀, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹ̀jẹ̀ wà lára símẹ́ńtì. Mo tún pe Kwabena. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kùkùté tí a rán nǹkan mọ́ yẹn, ìyẹ́ tuntun ni, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú wọn. Tí wọ́n bá ṣẹ́, á máa dà. Ó ní kí ni a lò? Mo ní òwú irun. Ó ní, "Madam, why?" Hafeezah bú sẹ́kún.

Mo sọ fún Faruk pé a gbọ́dọ̀ gé e kúrò. Ó ní kí n jẹ́ kó di ọjọ́ Àtìní, pé ọjọ́ méjì péré ló kù. Mo ní ẹyẹ náà lè má rí Àtìní. Ó ní kí n má sọ fún Alájì.

Mo sọ fún Alájì.

Sátidé, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe rí gan-an.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Alájì jáde sí àgbàlá pẹ̀lú jàlàbíà lásán. Ó ní kí n mú àlùmọ́gàjí wá. Mo fún un. Ó tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹyẹ náà, ó mú àlùmọ́gàjí dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fẹ́ fi òsì di òwú mú, ọwọ́ náà kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Ẹyẹ náà fò sókè díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tún jáde. Faruk ní, "Alájì, ẹ jẹ́ kí n..." Alájì na àlùmọ́gàjí sí mi. Ó bọ́ tẹ̀sùbáà kúrò lọ́rùn ọwọ́, ó gbé e sórí àpótí. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹyẹ náà mọ́ àyà, gbogbo ara rẹ̀, bí ẹni tó gbé ọmọ.

Ó di í mú, mo ń gé. Ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹyẹ náà ń gbọ̀n, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Nígbà tí mo gé èyí tó kẹ́yìn, a sọ ọ́ sílẹ̀, ó gbọn ara, ó rìn lọ sídìí omi láìnírù, ó mu púpọ̀. Ìdí rẹ̀ rí bí ti adìyẹ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tu.

Alájì ṣì tẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ìrù tó rẹ̀ kọ́ ló fẹ́ pa á, Ìyá Hafeezah. Àwa ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì. Àwa ni."

Ó wá sọ fún Faruk kó lọ pe àwọn àgbààgbà wá lẹ́yìn alásárì. Faruk bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Ó ní ọ̀la ni, Alájì, ọ̀la péré, ẹ ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Alájì ní kó lọ.

Wọ́n dé, Ààfáà Suhaib ló ṣíwájú. Mo gbé omi fún wọn, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó ní kí n kúrò. Alájì gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí tábìlì láàárín wọn. Omi inú ife bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ó ní, "Láti Ààwẹ̀ èṣí ni. Ẹ ti ń rò pé lásímáà ni mo ń kà. Nígbà míì mò ń kà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà mi ò kà á. Dókítà ní kò ní lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ wé láwàní fún ẹni tí ẹ ò mọ̀."

Ààfáà Suhaib bi í pé, "Alájì, ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?"

Ó ní, "Mo fẹ́ ẹ gan-an."

Wọ́n jáde lọ jókòó ní kióósì Hafeezah, lórí àwọn àga onídíráyà. Wọ́n padà wọlé, wọn ò jókòó mọ́. Wọ́n ní Alájì Láwàlì ni wọ́n máa wé láwàní fún lọ́la. Wọ́n ní Alájì ni yóò máa jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa yanjú láìbi í. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Ààfáà Suhaib di ọwọ́ òsì náà mú nígbà tó ń lọ, ó pẹ́ kó tó fi sílẹ̀.

Faruk sunkún lójú gbogbo èèyàn. Mo ṣe omi gbígbóná fún un.

Àláádì, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Oòrùn mú. Èrò pọ̀ débi pé wọ́n dí ọ̀nà ọkọ̀ tírótírò. Alájì wọ aṣọ funfun, ó lọ lásìkò, ó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Láwàlì, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí eékún ní gbangba. Àwọn tó mọ̀ wò ó. Àwọn tí kò mọ̀ bi àwọn tó mọ̀. Nígbà tó fi máa di pé wọ́n wé láwàní tán, gbogbo wọn ti mọ̀, wọ́n sì ti gbé ojú kúrò, wọ́n ń wá ibi tí ìrẹsì wà. Láwàlì ń làágùn lábẹ́ aṣọ rẹpẹtẹ yẹn. Àwọn méjì ti wá ń sọ ẹjọ́ ilé kan sí i létí kó tó dìde lórí àga.

A rìn padà sílé. Alájì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò nù ún. Mo wálẹ̀ jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ń bá a tú bàtà.

Ó ní, "Ìyá Hafeezah, ṣé ó dùn ọ́ bó ṣe dùn mí?"

Mo ní, "Ó dùn mí, Alájì. Ó dùn mí gan-an."

Mi ò gbójú sókè, torí ó máa rí i lójú mi. Ó ti sùn báyìí, oòrùn ò tíì wọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa wá kan ilẹ̀kùn wa. Kí Ọlọ́run foríjì mí irọ́ tí mo pa. Láti Ààwẹ̀ èṣí, inú mi ò dùn tó báyìí rí.